Kámẹ́rà Olówó Gọbọi: Irinṣẹ́ ni àbí Afẹ́?

Àwọn tó wà ní ìjókòó wa tó kọjá mọ̀ pé àríyànjiyàn tí a bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kò tán. Ẹ ní kí n jókòó, mo jókòó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò jókòó nínú mi. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà ni. Kì í ṣe ti inú fóònù o. Kámẹ́rà tí a ń fi ọwọ́ yí ohun gbogbo rẹ̀ ni mo ń sọ. O máa fọwọ́ yí fíìmù, o máa fọwọ́ yí lẹ́ńsì kí àwòrán tó mọ́ kedere, ìwọ fúnra rẹ lo máa pinnu iye ìmọ́lẹ̀ tí yóò wọlé àti bí yóò ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Èyí tó dára nínú wọn wọ́n bí ojú. Ọ̀kan nínú yín dìde lọ́jọ́ náà, ó ní: "Nínú ìlú tí a ti ń ta ọgbọ́n kí a tó jẹun alẹ́, kí ni akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ fi kámẹ́rà olówó gọbọi ṣe? Ṣé irinṣẹ́ ni àbí afẹ́ lásán?" Gbogbo yín pàtẹ́wọ́. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́, torí pé ìbéèrè náà dáa. Ẹ ò kàn mọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn lọ́jọ́ náà ni.

Ní Òkè-Ògbó tí mo ń gbé, bàbá kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Onífọ́tò. N ò ní dárúkọ wọn, torí wọn ò rán mi níṣẹ́ ìwé. Ṣọ́ọ̀bù wọn kéré, ọ̀dà ara pátákó ìta ti ṣí tán, ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yìn fọ́tò láyé ọjọ́un ṣì wà lára ògiri: òkè, odò, àti ọkọ̀ òfúrufú kan tí apá rẹ̀ ti ya. Ojú Bàbá ò ríran dáadáa mọ́. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, mò ń lọ wọ ọkọ̀ sí Mayfair, wọ́n pè mí wọlé.

"Ìwọ ọmọ yunifásítì, ṣé o ṣì ń fi fóònù ya àwọn èèyàn kiri?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ẹ káàárọ̀ sà."

"Jókòó."

Wọ́n fa dúróà, wọ́n gbé nǹkan kan jáde tí wọ́n fi aṣọ òfì wé. Rolleiflex ni. Ojú méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, bí ìbejì tí ọ̀kan gun èjìká èkejì. Bàbá ní àwọn fẹ́ tà á, pé ₦250,000 ni àwọn máa gbà lọ́wọ́ mi torí mo máa ń kí àwọn. Mo ní ₦180,000 ní báńkì, owó lẹ́sìnnì tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama, tí mo tọ́jú fún iṣẹ́ àṣekágbá mi. Mo lè yá ìyókù. Nígbà tí mo délé tí mo sọ fún ẹnìkejì mi nínú yàrá, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó ní: "Lápútọ́ọ̀pù tìrẹ ń kú lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, o wá fẹ́ ra àpótí tí ò lè tẹ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan!"

Nítorí náà, nígbà tí ẹ ń pàtẹ́wọ́ yẹn, owó gidi ni mo fi ń ronú. Tí mo bá ṣì í rò, èmi ni n ó sùn lébi.

ẸJỌ́ ÀWỌN TÓ NÍ AFẸ́ NI

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rojọ́ fún àwọn tí kò gbà fún mi, kí wọ́n má baà ní mo rẹ́ wọn jẹ.

Leica dé ọjà ní ọdún 1925. Rolleiflex tẹ̀lé e ní 1929; ìlú Braunschweig ní Jámánì ni wọ́n ti ṣe é, ní ilé iṣẹ́ Franke & Heidecke. Láti ìgbà náà, àwọn ẹ̀rọ méjèèjì kò fìgbà kan jẹ́ ti mẹ̀kúnnù. Ní 2022, Leica tún gbé M6 jáde, kámẹ́rà onífíìmù tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1984. Ní Amẹ́ríkà, owó rẹ̀ lé ní $5,000, kò sì sí lẹ́ńsì nínú owó yẹn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: kò sí lẹ́ńsì. Ẹni tó bá rà á tán yóò tún padà wá ra ojú tí yóò fi ríran.

Fíìmù ńkọ́? Fíìmù 120 kan nínú Rolleiflex, fọ́tò 12 péré ni. Tí o bá yà wọ́n tán, o ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wàhálà ni. Mo rìn láti Lágere dé Sábó lọ́jọ́ Sátidé kan, mò ń bèèrè ẹni tó lè bá mi fọ fíìmù. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan bi mí bóyá fíìmù àgbéléwò ni mò ń wí. Àwọn tó mọ ohun tí mò ń sọ ní kí n gbé e lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó. Ẹ ò rí i, fíìmù á máa wọ mọ́tò ju olówó rẹ̀ lọ.

Ẹ wá gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fóònù ń wọn ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń wá ojú èèyàn fúnra rẹ̀, ó lè ya ẹgbẹ̀rún kí oòrùn tó kan àtàrí, kò sì bèèrè kọ́bọ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbi ìkómọ, kí o tó yí kiní yìí síbí kí o tó yí i sọ́hùn-ún, ọmọ á ti gbórúkọ tán, á sì ti sùn.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ kọ́rùn bí ìyàwó tuntun ṣe ń gbé iyùn kọ́rùn. Wọ́n á ya fọ́tò kámẹ́rà náà ju bí wọ́n ṣe ń fi kámẹ́rà ya fọ́tò lọ. Lórí ti àwọn yìí, n ò ní jiyàn. Kámẹ́rà tó bá ti di ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, afẹ́ ni, ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀.

ÀWỌN ÀWÍJÀRE TÍ MO DÀNÙ

Nígbà tí mo ń wá ọ̀nà láti gbe kámẹ́rà lẹ́sẹ̀, mo kó àwíjàre mẹ́ta jọ. Mo yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ tí mo rí i pé òmíràn nínú wọn kò lè dúró.

Àkọ́kọ́ ni pé ó ń kọ́ni ní sùúrù. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́, ẹnu àwọn olólùfẹ́ kámẹ́rà àtijọ́ kì í sì í kúrò lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Seydou Keïta ní Bamako, ní orílẹ̀-èdè Mali. Ní 1935, arákùnrin bàbá rẹ̀ ti Senegal dé, ó fún un ní Kodak Brownie Flash, kámẹ́rà pọ́ọ́kú. Nígbà tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní 1948, kámẹ́rà ńlá onígi ló wá ń lò, èyí tí nẹ́gátíìfù rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 13 sí 18. Oníbàárà kan, fọ́tò kan ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Kí ló fà á? Ohun èlò wọ́n ni. Ẹ wo àwọn fọ́tò rẹ̀ tí ẹ bá rí i nínú ìwé: obìnrin tó fẹ̀yìn tì lórí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ ara rẹ̀ ní bátànì, aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ ní bátànì mìíràn, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ àti ojú rẹ̀ kò sọ nù sáàárín wọn. Ẹni tó mọ̀ pé ẹyọ kan ni òun ní, yóò tún ìka oníbàárà ṣe kó tó tẹ̀ ẹ́. Àpò rẹ̀ ló kọ́ ọ ní sùúrù, àti ọ̀wọ̀ tó ní fún ẹni tó wá sanwó. Èèyàn lè fi fóònù ní irú sùúrù yẹn tó bá fẹ́. Sùúrù kì í gbé inú irin. Mo fa igi lé àwíjàre yẹn.

Èkejì ni pé àwọn àgbà lò ó. Ó dáa, àgbà wo? J. D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ ìpínlẹ̀ Ẹdó tó lo ọ̀pọ̀ ọdún rẹ̀ l'Ékòó, Brownie D tí kò ní fíláàṣì ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 1950. Ọmọ ogún ọdún ni. Aládùúgbò rẹ̀ kan ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ó ń kọ lẹ́tà léraléra sí ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba ní Ìbàdàn, pé kí wọ́n jọ̀wọ́ fún òun níṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò, títí wọ́n fi gbà á ní 1954. Ìgbà tó di 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà, iṣẹ́ tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún fọ́tò kó tó kú ní 2014. Ẹ wò ó: iṣẹ́ ló ṣáájú, irinṣẹ́ tó dára tẹ̀lé e. Kò jókòó kó máa retí kámẹ́rà ńlá kó tó mọ ohun tí ojú òun ń wá.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró níbi fọ́tò irun yẹn díẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí nǹkan tó yí mi lérò padà. Ẹ̀yìn orí ló sábà máa ń yà. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ní ojú, kò ní ẹ̀rín, irun nìkan ni, dúdú lórí funfun. Èyí tó pè ní Onílé Gogoro dúró ṣánṣán bí ilé alájà. Ojú ìlà orí mọ́ débi pé onídìrí lè fi kọ́ṣẹ́. Tí ìlà yẹn bá ṣú díẹ̀ báyìí, fọ́tò náà ò wúlò mọ́. Yóò kàn jẹ́ orí obìnrin kan lásán. Nítorí náà lẹ́ńsì tó mọ́ kì í ṣe afẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. Bí ìlarun ṣe jẹ́ lọ́wọ́ onídìrí ló jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún ṣe ohun kan tí àwa kì í ṣe: ó kọ orúkọ irun síbẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́, mo ṣì ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Àwíjàre kẹta ni ti iná mànàmáná. Èyí ní ẹsẹ̀ díẹ̀. Nikon FM2, tí wọ́n ṣe láti 1982 sí 2001, ìlẹ̀kùn inú rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé láìsí bátìrì. Ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nìkan ni bátìrì wà fún. Rolleiflex Bàbá kò mọ ohun tó ń jẹ́ bátìrì rárá. Ẹni tí iná ti mú lọ fún ọjọ́ mẹ́rin rí á mọ iyì ìyẹn. Àmọ́ kí a má tan ara wa. Fíìmù nílò omi, ó nílò kẹ́míkà, ó sì nílò ẹni tó mọ̀ ọ́n fọ̀, nígbà tó jẹ́ pé páwà báǹkì wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Ìdajì àwíjàre ni mo ka èyí sí.

Ẹ rí i báyìí pé ẹjọ́ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ohun tó kù lọ́wọ́ mi ni ìlà orí tó mọ́ kedere, àti orúkọ irun.

ẸNI TÓ TẸRÍ BA NÍ IFẸ̀

Ọkùnrin kan wà tó yẹ kí ọmọ Ifẹ̀ mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Pierre Verger ni, ọmọ Faransé tí wọ́n bí ní Paris ní 1902. Ilé ọlọ́rọ̀ ni wọ́n bí i sí. Ní 1932 ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò, ó ní Rolleiflex, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó dé Salvador ní Brazil ní 1946. Láti ibẹ̀ ló ti tọ ipasẹ̀ òrìṣà padà wá sí ilẹ̀ wa. Ní 1953, ní Kétu tó wà ní Benin òní, wọ́n tẹ̀ ẹ́ nífá, ó di Fátúmbí: Ifá tún mi bí. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ó wá ṣiṣẹ́ olùkọ́ níbí, nígbà tí ilé ìwé wa ṣì ń jẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀, kí wọ́n tó fi orúkọ Awólọ́wọ̀ sọ ọ́ ní 1987.

Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní ọmọ olówó tó ń fi kámẹ́rà olówó ṣeré kò jìnnà sí òtítọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn fọ́tò inú ìwé rẹ̀ Dieux d'Afrique, tó jáde ní 1954, tó gbé òrìṣà ti ìhín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bahia. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni ojú àwọn èèyàn inú rẹ̀. Wọn kò ṣe bí ẹni tí àlejò ń yọ́ wò. Mo bi ara mi léèrè ìdí rẹ̀, n ò rí ìdáhùn títí di ọjọ́ tí mo gbé Rolleiflex Bàbá lọ́wọ́.

Kámẹ́rà yẹn kì í lọ sójú ẹni. Àyà tàbí ikùn ni a ń gbé e sí, a ó wá tẹrí wò ó láti òkè, níbi tí àwòrán ti ń hàn lórí gíláàsì kékeré kan, òsì di ọ̀tún, ọ̀tún di òsì. Ẹni tí à ń yà ń rí ojú wa, kò sí irin tó bò ó. Kò tán síbẹ̀ o: orí wa ti wálẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó tẹrí ba níwájú àgbà kò dà bí ẹni tó na nǹkan sí àgbà lójú. Mi ò sọ pé ìdí nìyí tí àwọn aláṣẹ fi gba Verger láyè. Ọdún tó fi bá wọn gbé ló jẹ́ kí wọ́n gbà á. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìrísí ẹ̀rọ náà kò ba ọ̀wọ̀ jẹ́. Èyí jẹ́ ohun tí iṣẹ́ nílò, kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Ẹ tún jẹ́ kí n tako ara mi. Wọ́n sọ ìtàn kan nípa rẹ̀ tí mo fẹ́ràn. Ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí IFAN ní Dakar fún un lówó láti wá sí ìhà ibí, ó sì kó nǹkan bí 2,000 nẹ́gátíìfù fún wọn. Théodore Monod tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ ní àwọn ò fẹ́ fọ́tò nìkan, kó jókòó kó kọ ohun tó rí sílẹ̀. Kò wù ú láti kọ̀wé, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́. Láti inú ìkọ̀wé yẹn ni ìwé rẹ̀ lórí òrìṣà àti lórí ewé ti wá. Rolleiflex nìkan kò tó. Ìwé ló sọ fọ́tò di ohun tí èèyàn lè lò.

ÌYÁ ÌBEJÌ NÍ ÌLÁ

Ibi tí ẹjọ́ yìí ti wá dá mi lójú ni Ìlá-Ọ̀ràngún, ní ìpínlẹ̀ wa níbí. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, wá wo iṣẹ́ àwọn onífọ́tò ibẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1970, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1978. Ó rí ohun kan tí àwọn onífọ́tò wa ń ṣe.

Tí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti lọ kí wọ́n tó ya fọ́tò wọn pọ̀, ìyá yóò mú èyí tó kù wá sí ṣọ́ọ̀bù. Tó bá jẹ́ pé akọ méjì tàbí abo méjì ni wọ́n, onífọ́tò á ya ẹni tó kù, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan náà, kí méjèèjì lè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tó bá jẹ́ pé ọ̀kan ọkùnrin, ọ̀kan obìnrin, ọmọ tó kù á wọ aṣọ tirẹ̀, wọ́n á yà á. Á wọ aṣọ èkejì rẹ̀, wọ́n á tún yà á. Wọ́n á wá so méjèèjì pọ̀ nínú yàrá òkùnkùn. Fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í dúró níbi tí ère ìbejì ti ń dúró.

Mo ka èyí, mo pa ìwé dé, mo jókòó jẹ́ẹ́.

Kí ni a fẹ́ pe kámẹ́rà onífọ́tò yẹn? Ẹ fojú inú wo ìyá náà. Ó ti sunkún tán, ó nu ojú nù, ó wọ bùbá tó dára jù lọ, ó di ọwọ́ ọmọ kan mú wọlé, ó sì fẹ́ bá méjì jáde. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tí kò ní ṣe ìfẹ́ inú ara rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ bá ti èkejì mu, ibi tí kámẹ́rà dúró kò gbọdọ̀ yẹ̀. Nǹkan tí a fi ọwọ́ yí, tí ó dúró síbi tí a yí i sí, ni iṣẹ́ náà ń fẹ́.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní fóònù lè ṣe é lónìí ní ìṣẹ́jú kan. Òótọ́ ni. N ò ní purọ́ nítorí pé mo fẹ́ borí. Èyí sì fi hàn pé kì í ṣe irú ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe owó rẹ̀, ló ń sọ ọ́ di irinṣẹ́. Ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ ni. Ìyá ìbejì ló sọ kámẹ́rà Ìlá di irinṣẹ́. Láìsí i, àpótí tó ní ojú ni.

ÀWỌN 12

Mo padà sí ọ̀dọ̀ Bàbá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ìjókòó wa. Mo ti múra sílẹ̀ láti dúnàádúrà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa lẹ́ńsì, pé mo kà á pé ó mọ́ ju ti ìsinsìnyí lọ, pé fíìmù ní àwọ̀ tí fóònù ò ní. Bàbá jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ó dáa, ọmọ mi. Fíìmù kan, 12 ni. Ta ni o fẹ́ yà?"

Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Mo ní, "Àwọn èèyàn, sà. Àdúgbò."

"Mo mọ̀ pé èèyàn ni. Mo ní ta ni?"

N ò rí orúkọ kan dá. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, mo ti fi oṣù méjì ronú lórí kámẹ́rà yìí, n ò ronú kan ẹnì kankan tí n ó gbé dúró níwájú rẹ̀.

Bàbá kò bú mi. Wọ́n dìde, wọ́n fọwọ́ tàràrà dé ibi pákó kan, wọ́n gbé ìwé àkọsílẹ̀ kan wá, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, wọ́n ti fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà, orúkọ, ilé, ọjọ́. Ojú ewé lórí ojú ewé. Lábẹ́ tábìlì ni páálí nẹ́gátíìfù wà, tí nọ́ńbà ara wọn bá ti inú ìwé mu. Wọ́n ní kí n mú èyíkéyìí. Mo mú ọ̀kan, mo gbé e sókè sí fèrèsé. Obìnrin kan tó jókòó, ojú rẹ̀ dúdú níbi tó yẹ kó pọ́n, gèlè rẹ̀ funfun bí iná. Mo ka nọ́ńbà rẹ̀ fún Bàbá. Kí n tó ṣí ìwé, wọ́n ti dárúkọ ilé tó ti wá.

Wọ́n ní àwọn ọmọ rẹ̀ wá wá a lọ́dún kan, nígbà tó kú, torí kò sí fọ́tò kankan nílé tí wọ́n lè lẹ̀ mọ́ pósítà ìsìnkú. Ìwé yìí ni Bàbá fi rí i. Wọ́n ní irú wọn ṣì ń wá, ṣùgbọ́n ojú àwọn ò lè wá a mọ́.

Mo rántí fóònù mi tó já sínú omi lọ́dún tó kọjá. Gbogbo fọ́tò màmá ìyá mi tí mo yà ló wà nínú rẹ̀, bóyá ọgọ́rùn-ún, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ, n ò tẹ ẹyọ kan sórí pépà. Màmá kú ní oṣù kẹta lẹ́yìn náà. Fọ́tò tí a lò, inú fọ́tò ìgbéyàwó ẹlòmíì la ti gé orí wọn. Èmi tí mo ní ẹ̀rọ tó ń ya ẹgbẹ̀rún láìgba kọ́bọ̀, n ò ní ẹyọ kan. Bàbá tó ń ya 12, wọ́n ní ti àjèjì.

ÌDÁJỌ́ MI

Nítorí náà, èyí ni mo rí sọ. Kámẹ́rà olówó gọbọi lè jẹ́ irinṣẹ́, ó lè jẹ́ afẹ́, kámẹ́rà kan náà, lójúmọ́ kan náà. Lọ́wọ́ Bàbá, irinṣẹ́ ni: ó jẹun nídìí rẹ̀, ó tọ́ ọmọ nídìí rẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ sì wà tó lè jẹ́rìí sí i. Tí mo bá rà á lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde nínú aṣọ òfì, afẹ́ ni ì bá jẹ́ lọ́wọ́ mi, bí mo tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ tó. Kì í ṣe torí pé mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, kì í sì í ṣe torí pé ìlú le. Torí pé n ò ní ẹni kankan lọ́kàn ni.

Àwọn tó ní akẹ́kọ̀ọ́ ò gbọdọ̀ ra ohun olówó, mo ní kí wọ́n tún un rò. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, tí iṣẹ́ náà sì ń bèèrè irinṣẹ́ gidi, kó rà á, kó má tijú. Télọ̀ ò ní fi abẹ́rẹ́ àfọwọ́rán rán aṣọ ẹgbẹ́ ọgọ́ta èèyàn torí pé ẹ̀rọ ìránṣọ wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ó tó sanwó, kó dáhùn ìbéèrè Bàbá. Ta ni? Níbo ni orúkọ wọn máa wà? Tí ọmọ wọn bá wá wá a ní ogún ọdún sí i, ṣé yóò rí i?

N ò tíì ra kámẹ́rà. Owó iṣẹ́ àṣekágbá mi ṣì wà níbi tó wà, ẹnìkejì mi nínú yàrá ti ń sùn dáadáa. Ohun tí mò ń ṣe ní ọ̀sán Sátidé ni pé mò ń lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá. Mo fi gíláàsì àti tọ́ọ̀ṣì ṣe ibi ìmọ́lẹ̀ kékeré kan, mò ń fi fóònù ya nẹ́gátíìfù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń yí dúdú padà sí funfun, mo sì ń kọ nọ́ńbà àti orúkọ tẹ̀lé e bó ṣe wà nínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni, fóònù. Ní ibi yìí, òun ni irinṣẹ́. Mo ti ṣe 214. Páálí tó kù pọ̀ ju èyí tí mo ti ṣe lọ, òjò sì ti kan méjì nínú wọn.

Bàbá ní àwọn ò tíì ta kámẹ́rà fún ẹlòmíì, àwọn ń dúró dè mí. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo fa ìlà 12 sí. Orúkọ mẹ́jọ ló wà níbẹ̀ báyìí. Èkíní ni ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ní ẹnu ọ̀nà wa, tí n ò rí fọ́tò rẹ̀ kan rí, bó ti ń bọ́ wa tó. Ìkejì ni Bàbá fúnra wọn, torí nínú gbogbo páálí yẹn, n ò tíì rí ojú wọn.

Tí ìlà 12 bá kún, n ó lọ bá wọn dúnàádúrà. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ta kò mí, kó kọ tiẹ̀ wá kí a fi sínú ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀. Ẹni tó bá sì ní ọwọ́ tó dilẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kó wá bá wa ní Òkè-Ògbó kí òjò tó dé. Kó mú fóònù rẹ̀ dání.